Multitool wo ló lágbára tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Ìkòròdú?

SólàÌgbógbó · ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ìgbógbó ni mo ń gbé. Iṣẹ́ sólà àti ìnfátà ni mo ń ṣe, mo sì máa ń tún jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ṣe. Ọ̀kadà ni mo fi ń jáde. Mo lè wà ní Ìjẹ̀dé láàárọ̀, kí n wà ní Agric lọ́sàn-án, kí wọ́n tún pè mí sí Ìmọ̀tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò irinṣẹ́ mi ti wúwo débi pé èjìká ń dùn mí. Bí mo bá sì ti gun òrùlé tán, ohun tí mo nílò gan-an ni yóò wà nísàlẹ̀ nínú àpò.

Mo fẹ́ ra multitool kan (irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí púláyà, ọ̀bẹ, ayùn àti sukurudúráìfà wà pọ̀ nínú rẹ̀) tó lágbára, tí màá máa so mọ́ bẹ́líìtì. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ o. Ọ̀kan nínú wọn wà lọ́wọ́ mi, ẹnu rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè di irun mú mọ́.

Iṣẹ́ tó wà fún un rèé: gígé wáyà àti bíbó o, dídi nǹkan kékeré mú, yíyí sukurú, gígé okùn àti páìpù oníke tí wáyà ń gbà kọjá, àti fífi ayùn gé igi tín-ín-rín nígbà míì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun á bá mi rà á. Mo ti wo Leatherman Surge, Wave+ àti Super Tool 300. Mo tún rí SwissTool ti Victorinox, mo rí Gerber. Gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ń lò ó níṣẹ́ ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

OníwáyàSábó · ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Àbúrò, kí o tó ra ohunkóhun, jẹ́ kí n sọ èyí, torí iṣẹ́ tí o dárúkọ ló ń bà mí lẹ́rù.

Gbogbo ara multitool, irin ni. Kò sí rọ́bà tó ń dá iná dúró níbẹ̀. Iná NẸ́PÀ tó ń wọ ilé wa, fóòtì 230 ni. Púláyà tí wọ́n dìídì ṣe fún oníṣẹ́ iná máa ń ní 1000V tí wọ́n kọ sára ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Téèpù dúdú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ń wé mọ́ ọwọ́ multitool kò sọ ọ́ di irú púláyà yẹn o. Òógùn á wọ abẹ́ rẹ̀, téèpù á yọ̀, ọwọ́ á kan irin.

Ti sólà tún wá le jù. Iná NẸ́PÀ, o lè já búrékà. Pánẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀, bí oòrùn bá ti ń ràn lé e lórí, iná ń bẹ nínú wáyà rẹ̀, ìbáà ṣe pé o ti pa ìnfátà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì ńlá ayé ìsinsìnyí lè gbé fóòtì 40 sí 50. Bí o bá so mẹ́rin tẹ̀ léra, o ti ń súnmọ́ 200 nìyẹn. DC ni, iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí o bá fi irin gé e nígbà tí iná ń lọ nínú rẹ̀, iná á máa fò láti ẹnu wáyà kan sí èkejì, kò ní tètè kú.

Bátìrì ńkọ́? Bí irin gbọọrọ bẹ́ẹ̀ bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tó dùbúlẹ̀ lé pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù papọ̀, á pọ́n, á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí o tó na ọwọ́. Sípánà tí mo ń fi tú orí bátìrì, mo ti fi rọ́bà bo ọwọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

Orí MC4 náà, èyí tí wọ́n fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ni kí o fi tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá fi púláyà tẹ̀ máa ń gbóná, ó sì ti jó páànù ẹlòmíì.

BàbáMẹkáníìkì_ÌtaOlúwo · ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ òótọ́. Èmi á tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀: ọmọ mi, má ra á rárá.

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré. Bóòtì tó di abẹ́ kábúrétọ̀ mú, sípánà 10 ló ń tú u. Púlọ́ọ̀gì, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí o bá fi púláyà gba orí nọ́ọ̀tì mú, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ ló máa jẹ, àwa tí wọ́n bá tún gbé e wá bá la máa fi fáìlì àti ṣísù jìyà rẹ̀. Mo máa ń rí i lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi. Kí n tó bi ẹni tó ni ín léèrè, mo ti mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ kò ní sípánà lọ́wọ́.

Ohun tó lé ní $100 lówó rẹ̀, kí o fi ra púláyà ọlọ́wọ́ rọ́bà tó dára, sípánà 8, 10, 12 àti 13, sukurudúráìfà tí orí rẹ̀ ń yí padà, àti ọ̀bẹ kan. Kó gbogbo wọn sínú àpò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Owó á tún ṣẹ́ kù. Irinṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan mẹ́rìndínlógún, kò sí ọ̀kan tó ń ṣe parí nínú wọn.

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́rọÌránsọ · ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí nọ́ọ̀tì, àmọ́ n ò gbà pé kó má rà á.

Ẹ̀rọ ìránsọ ni mo ń tún ṣe, láti Sábó títí dé Ògòlòǹtò, ti onílé àti ti àwọn tó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Mo ní àpótí irinṣẹ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà, Wave+ ni mo ń fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń fọwọ́ kàn lójúmọ́. Mo wà lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ kan di bẹ́líìtì ẹ̀rọ mú, okùn ti lọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí bọ́bìnì ń jókòó sí. Ọwọ́ kejì ni mo fi ń ṣí ọ̀bẹ rẹ̀, láìṣí púláyà rárá. Ìyẹn ni kí ẹ bi ara yín nípa èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà: ṣé ọwọ́ kan á ṣí i? Lára Wave+ àti Surge, ọ̀bẹ wà níta. Ti Super Tool 300, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sí méjì kí ẹ tó rí ọ̀bẹ rẹ̀, inú ló wà. Ẹni tó bá dúró lórí àkàbà á mọ ìyàtọ̀.

Wave+ wúwo tó gíráàmù 241, gígùn rẹ̀ ní pípadé sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Surge lé ní 330. Àgbà irinṣẹ́ ni Surge lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa fa bẹ́líìtì wálẹ̀, ní pàtàkì lára ẹni tó ń gun ọ̀kadà.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á: orí sukurudúráìfà tí wọ́n ń pààrọ̀ lára Leatherman, pẹlẹbẹ ni. Orí tí gbogbo ayé ń lò, tó ní igun mẹ́fà, kò lè wọ ojú ibẹ̀. Wọ́n ń ta ọ̀pá kan lọ́tọ̀ tí ẹ máa kì bọ̀ ọ́ kó tó lè gba ti igun mẹ́fà. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín rà á mọ́ ọn, torí mo wá a títí nílé níbí, n ò rí i.

SólàÌgbógbó · ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Bàbá, mo gbọ́ o, n kò ní fi di nọ́ọ̀tì mú. Ọ̀gá oníwáyà, púláyà 1000V wà lọ́wọ́ mi, ibi tí iná bá wà, òun ni mo ń lò.

Ẹnikẹ́ni ha wà tó ń lò ó létí omi? Mo ń ṣe iṣẹ́ sólà fún àwọn ará Ẹ̀búté àti Báyékù, irin kì í pẹ́ dípẹtà níbẹ̀.

Atukọ̀Báyékù · ọjọ́ Ajé, 10:48 alẹ́

Orí mi ni ìbéèrè yẹn já lé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe, mo sì ń wa ọkọ̀ náà fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀sà, kí ẹ lè mọ ìdí tí èmi fi fara mọ́ èyí tó tóbi. Ẹ́ńjìnnì ń lọ, lójijì ohùn rẹ̀ á yí padà, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn. Àwọ̀n ẹlẹ́ja tó ti já, tàbí okùn náílọ́nù, ló ti wé mọ́ pùròpẹ́là. A ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó yọ kọ́kọ́rọ́ sápò (ẹ má fi èyí ṣeré o, ìka èèyàn ni), a ó gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè. Okùn náílọ́nù tó bá ti wé tó sì ti gbóná máa ń yọ́ mọ́ra wọn, á le gbagidi. Ọ̀bẹ tó mú lásán á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀bẹ eléyín bí ayùn ló ń jẹ ẹ́. Surge ní in, Super Tool 300 náà ní in. Bí okùn bá ti wọ ẹ̀yìn pùròpẹ́là, a gbọ́dọ̀ tú u. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní píìnì kan tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnu púláyà tó rí ṣóńṣó la fi ń tẹ̀ ẹ́ padà kó gún régé, ká tó fà á yọ. Ibẹ̀ ni púláyà kékeré ti máa ń ṣẹ́. Píìnì tó ti wà nínú omi fún ìgbà pípẹ́ kò fẹ́ jáde, èèyàn á fi gbogbo agbára ọwọ́ fún un. Super Tool 300 ni mo ń lò, gíráàmù 272, ẹnu rẹ̀ nípọn. Kò tíì yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà wá kàn. Gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ pé irin àwọn kì í dípẹtà. Kì í tètè dípẹtà ni kí ẹ pè é. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà wa níbí máa ń níyọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ, torí omi odò tó ń já wọ inú rẹ̀ dín kù, omi òkun sì ń ráyè wọlé. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rí tóótòòtó pupa ní ìdí ọ̀bẹ àti nínú ihò ibi tí irin méjì ti pàdé. Ohun tí mo ń ṣe kò ju pé tí mo bá délé, mo ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ yẹ̀ǹgẹ̀rẹ̀, mo ti rì í sínú omi kànga, mo ti mì í dáadáa, mo ti nù ún, mo ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránsọ, ẹ̀kán kan ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ó nípọn jù, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ẹ sì fi okùn so ó mọ́ ara yín. Ọ̀sà kì í dá irin padà.

Àgbádárìgì_Tòkunbọ̀ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ tuntun? Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Àgbádárìgì, tòkunbọ̀ gidi wà tó ń gba Kùtọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Èmi rí Leatherman láàárín àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀ ní gbagede, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun, mo ṣì ń lò ó dòní. Ẹ lè rí irú rẹ̀ ní Owódé Onírin náà, nítòsí yín níbẹ̀.

Kí ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò. Ẹ pa ẹnu púláyà dé, ẹ gbé e síwájú oòrùn, ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba ibi ṣóńṣó rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣí ọ̀bẹ, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́ igi, kí ẹ mọ̀ bóyá ohun tó ń há a á jẹ́ kó padé lé ìka yín. Kí ẹ sì mú òòfà dání. Bí òòfà bá gbé e, ayédèrú ni, irin lásán tí wọ́n fi nǹkan dídán kùn ni.

Wẹ́dàOdógunyàn · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ọ̀gá Àgbádárìgì, ẹ kú ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ti òòfà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè mú kí èèyàn ju ojúlówó sílẹ̀ kó lọ ra ayédèrú.

Irin ni iṣẹ́ mi. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe ṣíńkì àti ìkòkò, irú 304, òòfà kì í sábà gbé e, torí nickel wà nínú rẹ̀. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ ní láti le kó lè di mímú mú. Irú bíi 420HC tí Leatherman ń lò, wọ́n máa ń mú un gbóná, wọ́n á sì mú kó tutù lójijì kó lè le. Irú irin bẹ́ẹ̀, òòfà ń gbé e dáadáa. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọ̀bẹ ojúlówó, á fò mọ́ ọn. Ohun náà ló fà á tó fi ń dípẹtà ju ṣíńkì lọ. Bí irin ọ̀bẹ bá ṣe le sí, ó máa ń ná a díẹ̀ nínú agbára tó fi ń kọ ìpẹtà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ayédèrú, ẹ lọ bá àwọn tó ní òṣùwọ̀n oníná, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn èròjà búrẹ́dì. Ẹ wo gíráàmù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ síta. Surge tó bá wọn 250, kò sí àlàyé tó lè gbà á là. Ayédèrú máa ń fúyẹ́ torí pákó irin tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí púláyà ti ń gé wáyà. Lára Surge, Wave+ àti Super Tool 300, ẹnu tó ń gé wáyà yẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é, sukurú kéékèèké ló dè é mọ́ ibẹ̀, ẹ lè tú u kí ẹ fi òmíràn sí i. Ayédèrú tí wọ́n rọ mọ́ra pọ̀ kò ní sukurú yẹn.

Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ohun tó ń jẹ́ alágbára nínú iṣẹ́ àbúrò wa. Wáyà ló ń gé lójoojúmọ́. Bàbà rọ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ọjọ́ tó bá fi gé wáyà sípíríìnì tàbí ìṣó líle ni ẹnu rẹ̀ máa bù bí èékánná. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pààrọ̀, gbogbo púláyà ti di àlòkù nìyẹn.

Surge tún ní ohun kan tí Wave+ àti Super Tool 300 kò ní: ayùn rẹ̀ ń yọ. Ẹ lè fi abẹ́ ayùn ẹlẹ́rọ, èyí tí ìdí rẹ̀ rí bíi lẹ́tà T, rọ́pò rẹ̀, bó bá ti kúrú tó láti wọ inú ọwọ́. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ń tà á níbí, ti igi àti ti irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ojú ọ̀nà fún wáyà lórí òrùlé, ẹ rò ó wò.

Àgbádárìgì_Tòkunbọ̀ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Mo gbọ́ ti òòfà, ọ̀gá wẹ́dà, ẹ ṣé. Mo lọ gbé e sún mọ́ tèmi báyìí, ó gbé e lóòótọ́. Ti owó nìkan ni mo ṣì dúró lé: tòkunbọ̀ tó bá yege ohun mẹ́ta yòókù, n ò rí ìdí tí ẹnì kan á fi san owó tuntun.

Ẹlẹ́rọẸ̀pẹ́ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:33 ọ̀sán

Ẹ̀pẹ́ lèmi wà, lẹ́bàá ọjà ẹja Olúwo. SwissTool ni mo ń lò, èmi ò fi omi kànga fọ nǹkan kan, kò dípẹtà. Mo rò pé Atukọ̀ ń ṣe é lásejù.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni bó ṣe dán, tó sì ṣe rékété lọ́wọ́. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣí wọ̀ọ́, ó ń há gírí, kò fi igun kankan gún àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí mo bá fún un pọ̀. Láti Switzerland ló ti wá. Bí Surge bá wúwo jù fún ẹ, Spirit, àbúrò SwissTool, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 200 lọ, ó sì jókòó sí ọwọ́ dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu tó ń gé wáyà kò ṣeé pààrọ̀ bíi ti Leatherman. Mi ò kì í gé nǹkan líle, kò dí mi lọ́wọ́.

Atukọ̀Báyékù · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, omi tiyín ní Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ tó tiwa. Ọ̀nà tí òkun ń gbà wọlé jìnnà sí yín. Ẹ gbé SwissTool yẹn lọ sí etí òkun Àgbádárìgì nínú ọyẹ́, kí ẹ má fọ̀ ọ́, kí ẹ wá wò ó.

Ẹlẹ́rọẸ̀pẹ́ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán

Òótọ́ ni, mi ò ro ti iyọ̀ yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń lọ sí Ẹ̀búté, kó máa fọ̀ ọ́.

Arìnrìnàjò_Ìpakodò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:54 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdánilójú náà, ìlérí ilé iṣẹ́ pé bí ó bá ní àbùkù, àwọn á tún un ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀, torí ó wà nínú owó tí wọ́n ń gbà. Leatherman ń fún ọdún 25. Victorinox ń fún títí ayé lórí àbùkù irin àti àbùkù iṣẹ́. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú á fi owó ìfiránṣẹ́ gbé e lọ, á sì dúró dè é. Bí ẹ bá ní ẹbí tó ń lọ tó ń bọ̀, á dín kù. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má ka ọdún 25 sí owó. Ti tòkunbọ̀, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ tètè sọ fún un: inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn sínú ikùn ọkọ̀ òfuurufú ni kó fi sí. Bí ó bá fi sínú àpò tó ń gbé wọlé, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò, ọ̀bẹ wà lára rẹ̀.

Bàbá Ìta Olúwo, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ dá yín lóhùn. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ Leatherman, Tim Leatherman, ọdún 1975 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkọ̀ Fiat àtijọ́ kan rin ilẹ̀ Yúróòpù, ọkọ̀ náà ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀bẹ àpò ló ní, púláyà ni kò sí. Ọdún 1983 ni èyí tí ó kọ́kọ́ tà tó jáde. Ẹni tó jìnnà sí àpótí irinṣẹ́ ló ṣe é fún, kò sí ẹni tó ní kó rọ́pò àpótí yín.

BàbáMẹkáníìkì_ÌtaOlúwo · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Mo ti kà gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí òrùlé àti ojú ọ̀nà ló fẹ́ máa lò ó, tí sípánà sì wà nínú àpò nísàlẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé ọmọ yìí pé tí ó bá ní ọ̀kan lára bẹ́líìtì, ọwọ́ á máa yá a láti fi ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó máa rí i pé ó ti dé ìdí nọ́ọ̀tì kí ó tó mọ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú sípánà.

Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ ni kí ó mú. Ọ̀gá wẹ́dà là á yé mi.

SólàÌgbógbó · ọjọ́ Rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Surge ni mo ní kó rà. Ìdí rẹ̀ ni ayùn tó ń yọ yẹn, ọ̀bẹ tó ń ṣí pẹ̀lú ọwọ́ kan lórí àkàbà, àti ẹnu tó ń gé wáyà tó ṣeé pààrọ̀. Mo mọ̀ pé ó wúwo. Àwọn sukurudúráìfà mẹ́rin, ọ̀bẹ àti ayùn kékeré tí mo ń gbé káàkiri á kúrò nínú àpò, á dọ́gba. Púláyà 1000V, sípánà àti irinṣẹ́ MC4 kò kúrò níbẹ̀.

Mo ní kó ra ẹnu tó ń gé wáyà kan sí i, àti ọ̀pá tí àǹtí Àdùkẹ́ sọ. Ìbéèrè kan ló kù: àpò aláwọ àbí ti náílọ́nù?

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́rọÌránsọ · ọjọ́ Rú, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bi í pé èwo ló bá a wá nínú páálí, kó má lọ ra méjì. Aláwọ ni tèmi, ó lẹ́wà, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń wà. Ẹni tó ń làágùn lórí páànù ní ọ̀sán, awọ á mu òógùn yẹn, òógùn náà níyọ̀.

Atukọ̀Báyékù · ọjọ́ Rú, 7:15 alẹ́

Náílọ́nù. Kí ìdérí rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi bọ́tìnì há, torí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra kì í há mọ́ bí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́. Bí òjò bá pa yín lórí ọ̀kadà, ẹ yọ irinṣẹ́ náà jáde lálẹ́, ẹ sá àpò lọ́tọ̀, ẹ sá irin lọ́tọ̀. Kí ẹ má fi wọ́n sínú ara wọn di àárọ̀.